Ọ̀bẹ Kíká tí Benjamin Fi Oṣù Mẹ́wàá Yàn

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Benjamin Ọmọ́yẹlé fi ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́ja, gbogbo rẹ̀ pátá ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ra nǹkan fún ọ́fíìsì. Bí ìgbálẹ̀ bá tán, òun ni. Bí ṣọ́ọ̀kì bá tán, òun náà ni. Kò sì sí ohun tó kéré tó tí kò ní kọ́kọ́ kọ ìwé àpèjúwe rẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́ta tó ń tà á, kí ó gba èsì lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó sì pe ìgbìmọ̀ jókòó lé e lórí. Nígbà kan, ìgbálẹ̀ tí wọ́n béèrè fún nígbà ọyẹ́ dé nígbà tí òjò ti ń wọlé bá wọn nínú ọ́fíìsì. Títí di òní ni Benjamin ń fi ìgbálẹ̀ náà yangàn, nítorí pé kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀sùn kankan kàn án lórí rẹ̀.

Lois, ìyàwó rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, máa ń sọ fún àlejò pé òun ni ẹnì kẹta tí Benjamin kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí, àti pé lẹ́yìn tí òun ti gbà, ó tún tọrọ ọjọ́ mẹ́rìnlá kí ó lè fi èsì òun wé ti àwọn méjì yòókù. Benjamin kì í jiyàn. Ohun tó máa ń fi kún un ni pé èsì Lois ló pegedé jù, àti pé òun ṣì ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́.

Irú ọkùnrin yìí ni wọ́n ní kí ó lọ ra ọ̀bẹ kan.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, ọdún tó tẹ̀lé èyí tó fẹ̀yìntì tó sì kó padà sílé ní Ẹ̀kìnrìn-Àdè. Olórí ẹbí wọn pe ìpàdé. Wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀ abà àtijọ́ tó ń jẹ́ Ìdí-Ìṣin, níbi tí àwọn bàbá wọn ti dáko kí gbogbo wọn tó kó wọ ìlú. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ènìyàn ti gbé ibẹ̀ kẹ́yìn, ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí tọmọdé tàgbà ń gbin kajú, ojú gbogbo ẹbí ti wà lára ibẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín ilẹ̀ nínú ẹbí náà kò yí padà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí wọ́n bá bí ọmọ sí abà, wọ́n á sin ìwọ́ rẹ̀, wọ́n á sì gbin igi obì lé e lórí. Ibi tí igi rẹ̀ bá wà, ibẹ̀ ni ìpín rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ òun lọ́jọ́ ìpín á lọ bá igi náà fúnra rẹ̀, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé èèpo díẹ̀ lára rẹ̀, ẹni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín á sì dìde jẹ́rìí sí i. Ẹni tí kò bá mú èèpo wá, wọn kò ní pe orúkọ rẹ̀, ìpín rẹ̀ á sì di ti gbogbo ẹbí. Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù Kọkànlá ni wọ́n dá.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Benjamin lára. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e kúrò ní Ìdí-Ìṣin. Ní Lọ́kọ́ja, ará Ìjùmú ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó délé, ará Lọ́kọ́ja ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá sọ Ìjùmú, àwọn ọ̀dọ́ á máa rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà á sì fi Yorùbá ilé ìwé dá a lóhùn kí wọ́n má baà dá a lágara. Kajú kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ ni kí wọ́n dìde ní gbàgede ẹbí, kí wọ́n pe Benjamin ọmọ Ọmọ́yẹlé, kí òun sì dáhùn. Ó fẹ́ ẹ débi pé ó ti ń dáhùn nínú balùwẹ̀, Lois sì ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ igi rẹ̀. Bàbá Gbádéyan ni, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, tó ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, tó sì ń gbé lọ́dọ̀ Martha, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejì, Benjamin wọ agbádá fúléfúlé, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ àti bírò dání, ó sì lọ bá bàbá náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Okun o, Bàbá," ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíni ní Ìjùmú.

"Okun, ọmọ Ọmọ́yẹlé." Ìjùmú gidi ni Bàbá ń sọ, a ti rọ̀ ọ́ díẹ̀ níhìn-ín kí gbogbo wa lè jọ gbọ́ ọ. "Igi rẹ lo ń wá. Èmi ni mo gbẹ́ ihò rẹ̀. Òjò ṣú lọ́jọ́ náà, bàbá rẹ ń kánjú. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ẹnu ọ̀nà yìí. Lọ wá ọ̀bẹ, ká lọ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè."

"Bàbá, ẹ júwe ọ̀nà rẹ̀ kí n kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kò ṣeé fẹnu júwe. Bí mo bá débẹ̀, ẹsẹ̀ mi á mú wa lọ."

Benjamin fi bírò gbá ìwé rẹ̀ pẹ́pẹ́. Ó wá béèrè ìbéèrè tí ì bá ti dára kó má béèrè. Ó ní, "Irú ọ̀bẹ wo?"

Bàbá ṣàlàyé pé a kì í gbé irin ìhòòhò lọ síwájú igi ìwọ́ ẹni. Àwọn ará àtijọ́ máa ń ki ọ̀bẹ bọ inú àkọ̀ awọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń rán àkọ̀ mọ́, nítorí náà ọ̀bẹ kíká ni wọ́n ń lò, èyí tí ojú rẹ̀ ń sùn sínú èèkù. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni náà fúnra rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun tí kò tíì gé ohunkóhun. "Èyíkéyìí tó bá ṣáà ti ń ká," Bàbá ní. "Àwọn Hausa tó ń gbé àtẹ kiri ń tà á. Tò, ó di Tọ́sìdeè."

Benjamin kọ "èyíkéyìí" sílẹ̀. Ó wo ọ̀rọ̀ náà títí, ara rẹ̀ kò sì gbà á. Kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ti fi bírò pa á rẹ́.

Ojú ewé mẹ́rin ni ìwé àpèjúwe náà gbà. Ojú ewé kìíní wà fún gígùn ojú ọ̀bẹ àti bí yóò ti nípọn tó. Ojú ewé kejì wà fún èèkù, irú igi tó yẹ kó jẹ́, àti bí ìdè rẹ̀ yóò ti le tó kí ó má baà ká mọ́ ẹni lọ́wọ́. Ibi ojú ewé kẹta ni nǹkan ti wọ́. Benjamin rí òyìnbó kan lórí fóònù tó ń fi ọ̀bẹ kíká la igi nínú yìnyín tó mù ún dé orúnkún. Òyìnbó náà ní ọ̀bẹ tí kò bá ṣeé ṣí nínú yìnyín, kí ènìyàn má gbé e wọ igbó rárá. Benjamin gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Yìnyín kò tíì mu ẹnikẹ́ni dé orúnkún rí ní Ẹ̀kìnrìn-Àdè, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan níwájú rẹ̀ tó fi dá a lójú pé kò ní ṣẹlẹ̀ láàárín ìsinsìnyí sí oṣù Kọkànlá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń ra nǹkan kò gbọdọ̀ dá ìpinnu ṣe. Òun ni alága, Lois ni akọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé kí ìpàdé tó lè bẹ̀rẹ̀. Virtue, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà ní Àbújá, ó sì ti sọ lórí fóònù pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n yọ òun kúrò níbẹ̀. Lois ní kí wọ́n gbé àga kan síbẹ̀ dípò ẹnì kẹta. Àwàdà ló ń ṣe. Benjamin gbé àga náà síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Túsìdeè ni ìgbìmọ̀ ń jókòó ní pálọ̀, àkọsílẹ̀ sì ń fi hàn pé ẹnì kẹta ń tètè dé, kì í sì í ta ko ọ̀rọ̀. Lois ní tirẹ̀ máa ń ti ilé ìdáná dáhùn, níbi tó ti ń bẹ iṣu.

"Bàbá Virtue," ó ní lọ́jọ́ kan, "ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ìgbìmọ̀ wo ló jókòó lé e lórí kí n tó rà á?"

"Ìdí nìyẹn tí èèkù rẹ̀ fi ń yọ," Benjamin dáhùn.

Lois wo èèkù ọ̀bẹ náà. Lóòótọ́ ló ń yọ. Inú bí i fún odidi ọjọ́ méjì.

Ẹni tó kọ́kọ́ gba ìwé àpèjúwe ni Thomas, tó ń ta irinṣẹ́ ní ọjà Kàbà. Thomas ka ojú ewé kìíní, ó gbójú sókè, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ ra ọ̀bẹ ni, àbí ẹ fẹ́ gbà á síṣẹ́?" Oníbàárà mìíràn dé, ó fẹ́ ìṣó, Thomas sì fi ojú ewé kẹrin dì í fún un níṣojú Benjamin. Síbẹ̀, ó mú ọ̀bẹ kíká kan tó ní èèkù dúdú fún un, ọ̀bẹ tó dára lójú gbogbo ẹni tó bá ní ojú. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Bàbá ni Benjamin gbà lọ tààrà lọ́jọ́ náà, ìtàn yìí ì bá ti parí.

Ọ̀dọ̀ Inúmidùn tó ń ta ẹja dídì ló gbà lọ. Ó bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí òun ti ọ̀bẹ náà bọ àárín ẹja nínú fíríìsà fún ọjọ́ mẹ́ta, nítorí ọ̀rọ̀ yìnyín. Inúmidùn kò béèrè ìdí. Ẹni tó bá ń ta ẹja ní ìlú tí iná kì í gbé kì í fi ìbéèrè ṣòfò. Nígbà tí Benjamin padà dé, páálí ẹja náà ti lọ. Ìyá olóúnjẹ kan ní Ìyàrá ló rà á. Benjamin gun ọ̀kadà lọ sí Ìyàrá, ó sì bá ìyá náà tó ń fi ọ̀bẹ ọ̀hún rẹ́ ata. Ìyá náà ní òun rò pé ẹ̀bùn ni, bí wọ́n ṣe máa ń fi ṣíbí sínú ọṣẹ, ó sì fi kún un pé ọ̀bẹ náà ṣí wẹ́rẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé yìnyín bò ó. Benjamin kọ máàkì rẹ̀ sílẹ̀: ó yege nínú yìnyín, ṣùgbọ́n ó ti gé ata, kò sì lè dé ìdí igi ìwọ́ mọ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, Bàbá Gbádéyan ń dúró. Tọ́sìdeè mẹ́ta tẹ̀léra wọn ni ó wọ bàtà rọ́bà, tó dé fìlà, tó gbé ọ̀pá lé itan, tó sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí oòrùn fi kàn án lórí. Ní Tọ́sìdeè kẹta, Benjamin fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé wọ́n ti sún ọjọ́ síwájú nítorí àìpé iṣẹ́ ìgbìmọ̀. Martha ló kà á fún Bàbá. Bàbá ní, "Ìgbìmọ̀ wo?" ó sì bọ́ bàtà rẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn ni Benjamin máa ń lọ jíṣẹ́ ibi tí iṣẹ́ dé. Bàbá á gbọ́ ọ tán, á ní, "Mú èyí tó bá wà nílẹ̀, ọmọ Ọmọ́yẹlé. Ojú ọjọ́ dáa." Benjamin á rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó mọ̀ pé àwọn àgbà kò mọ ìlànà.

Ọ̀bẹ kejì ti Lọ́kọ́ja wá, ó sì pẹ́ kí ó tó dé. Èèkù rẹ̀ pupa. Benjamin fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣeé rí bí ó bá bọ́ sílẹ̀ nínú igbó, nítorí náà ó kẹ̀yìn sí oko kókò ẹ̀yìnkùlé, ó dijú, ó sì jù ú gba orí èjìká. Kò ṣeé rí. Wọ́n wá a fún ọjọ́ mẹ́rin. Lois wú gbogbo kókò tán, àti èyí tó ti ta àti èyí tí kò tíì ta. Ìgbìmọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀bẹ kejì kùnà nínú ìdánwò wíwá, wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ méjì jẹ kókò.

Ọ̀bẹ kẹta wá láti Òkéné. Nǹkan mẹ́tàlá ló wà nínú èèkù rẹ̀: ṣíbí, fọ́ọ̀kì, àlùmọ́gàjí, ayùn kékeré, ohun tí wọ́n fi ń ta eyín, ohun tí wọ́n fi ń ṣí ìgò, àti àwọn mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò mọ iṣẹ́ wọn. Ọ̀bẹ náà wà nínú rẹ̀ dájúdájú, Benjamin rí ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjìlá yòókù há a mọ́ débi pé kò ṣeé yọ. Ó ti di oṣù Keje. Ó gbé e lọ fún Bàbá wò, ó ń retí kí Bàbá tún sọ ohun tó máa ń sọ.

Bàbá gba ọ̀bẹ náà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́. Ó ní, "Ó wúwo jù."

Orí Benjamin wú. Láti ìgbà tí ó ti fẹ̀yìntì, òun nìkan ló ń dá gbé ẹrù ìlànà yìí. Ẹnì kan wá dé báyìí tí wọ́n lè jọ gbé e. Ó mú àga sún mọ́ Bàbá. Láti ọjọ́ náà, Bàbá di olùdámọ̀ràn fún ìgbìmọ̀, kò sì sí ọ̀bẹ tí Benjamin mú dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn tí Bàbá kò rí nǹkan sọ sí. Èyí tó mú wá ní oṣù Kẹjọ, Bàbá ní òórùn ṣọ́ọ̀bù pọ̀ lára rẹ̀. Òmíràn kúrú, òmíràn ń dán jù, igi á rò pé dígí ni wọ́n gbé wá. Ní oṣù Kẹsàn-án, Bàbá ṣí ọ̀bẹ kan, ó fi sétí, ó tún un ká, ó ní, "Èyí ń rẹ́rìn-ín bí a bá ti ṣí i. A kì í gbé ohun tó ń rẹ́rìn-ín lọ síwájú igi."

Benjamin kọ ọ́ sí ìwé àpèjúwe pé ọ̀bẹ náà kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó lọ sí Kàbà, ó dúró ní ṣọ́ọ̀bù Thomas láti àárọ̀, ó ń ṣí ọ̀bẹ ní ẹyọ ẹyọ sí etí rẹ̀, ó sì ń mi orí. Àwọn oníbàárà ń yà á sílẹ̀ kọjá. Thomas sọ fún wọn pé ẹni ìjọba ni, gbogbo wọn sì gbà bẹ́ẹ̀.

Martha nìkan ni kò rí ẹ̀rín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà kan tí Benjamin ń jáde lọ, ó dá maṣíìnì rẹ̀ dúró. "Bọ̀dá Benjamin," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é kíá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni mo ń sọ." Benjamin rò pé àbẹ̀wò òun ló ń dí i lọ́wọ́ iṣẹ́. Ó sì dín ìjókòó rẹ̀ kù sí ààbọ̀ wákàtí.

Báyìí ni oṣù Kọkànlá ṣe wọlé, tí ọ̀sẹ̀ ìpín dé, tí Benjamin ní fáìlì tó ga tó ìgbọ̀nwọ́, tí kò sì ní ọ̀bẹ. Ní ọjọ́ Wẹ́síde, Lois lọ sí ọjà Ayétòrò lọ ra edé. Nígbà tó dé, ó tú àpò rẹ̀ sórí tábìlì, ó kó edé sí ọ̀tún, iyọ̀ sí òsì, ó sì gbé ọ̀bẹ kíká kan sáàárín. Igi ni èèkù rẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀.

Benjamin wò ó. "Báwo lo ṣe yàn án?"

"Mo ní kí Hausa alátẹ fún mi ní èyí tó ń ká. Ó fún mi."

"Àwọn mélòó lo fi wé?"

"Bàbá Virtue," Lois ní, "ọ̀túnla ni Fúráídè. Sátidé ni wọn ó pe orúkọ. Bí o bá tún jókòó lé èyí lórí, èmi àti àga yẹn á jọ dìbò yọ ọ́."

Benjamin jókòó. Ó ṣí ọ̀bẹ náà sí etí rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ kọ ìwé kan tó fi ṣàlàyé pé ọ̀ràn pàjáwìrì ni, ó fọwọ́ sí i, ó ní kí Lois fọwọ́ sí i, ó sì gbé e síwájú àga fún ìṣẹ́jú kan. Ó san owó ọ̀bẹ náà padà fún Lois kí ó lè jẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ló fi í sápò.

Ní ọjọ́ Fúráídè, wọ́n sọ fún àwọn fijilanté tó ń ṣọ́ ìlú pé àwọn ń wọ igbó, àwọn ọlọ́kadà sì gbé Bàbá, Martha, Benjamin àti Lois dé ibi tí ọ̀nà parí sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn. Bàbá ló wà níwájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ó mọ odò, ó mọ ibi tí wọ́n ń gbà kọjá á, ó mọ òkúta tí wọ́n ń jókòó lé pọn ọ̀bẹ láyé ìgbà kan. Benjamin ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ nínú àpò lórí ọ̀bẹ. Kò tíì wọ igbó yìí láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ó sì jọ pé igbó náà mọ̀ ọ́n.

Wọ́n dé ìdí ìṣin tí wọ́n fi sọ abà náà lórúkọ. Lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ilé wà tẹ́lẹ̀, igi obì ló kún ibẹ̀. Wọ́n lé ní ogójì, gbogbo wọn ti dàgbà, ewé wọn sì ti mú abẹ́ wọn ṣókùnkùn. Bàbá lọ bá èyí tó sún mọ́ wọn, ó fọwọ́ kàn án. Ó mi orí. Ó lọ bá òmíràn. Ó yí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ po, ó wo ilẹ̀, ó wo òkè. Ó padà sídìí ti àkọ́kọ́. Benjamin ti yọ ọ̀bẹ jáde, ó dì í mú láìṣí i. Bàbá rìn títí ó fi padà dé ìdí ìṣin, ó jókòó sórí gbòǹgbò rẹ̀, ó sì na ọwọ́.

"Mú ọ̀bẹ yẹn wá kí n wò ó."

Ó ṣí i, ó ká a. "Èèkù rẹ̀," ó bẹ̀rẹ̀, kò sì parí rẹ̀. Ó tún un ṣí. Ó ní, "Kò sí ohun tó ṣe ọ̀bẹ yìí. Kò sí ohun tó ṣe èyí tí mo ní ó ń rẹ́rìn-ín náà."

Martha ti yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Nígbà tí o wá ní oṣù Kejì, mo mọ̀ ọ́n," Bàbá ní. "Bí mo bá dijú, mo rí i, mo rí ọwọ́ bàbá rẹ tó ń ti yẹ̀pẹ̀ sí i. Nígbà tí òjò wá ń rọ̀, mo jí lọ́jọ́ kan, mo dijú, ìṣin yìí nìkan ni mo rí. Mo ní á padà wá. Mo ní bí ọ̀bẹ bá tún pẹ́ díẹ̀, á padà wá. Ìdí tí mo fi ń bá ọ̀bẹ wí nìyẹn. Dárí jì mí, ọmọ Ọmọ́yẹlé. Mo ti gbàgbé igi rẹ."

Benjamin dúró síbẹ̀. Ó ń ka oṣù nínú ọkàn rẹ̀, bó sì ṣe ń kà á ni ojú ń tì í sí i. Oṣù Kejì ni ó wá. Tọ́sìdeè ni Bàbá dá. Àtẹ Hausa kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti igi rẹ̀, òun ló wá ti gbogbo ìwé àti ìgbìmọ̀ àti ẹja dídì bọ àárín rẹ̀. Igi náà wà nínú orí arúgbó yìí ní pípé fún odidi oṣù mélòó kan, òun sì ń béèrè bóyá ọ̀bẹ lè ṣí nínú yìnyín. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ewé gbígbẹ.

"Bàbá, ẹ má tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi," ó ní. "Èmi ni mo jẹ́ kó sọnù. Ẹ ti wọ bàtà dè mí."

Lois fẹ̀yìn ti igi kan. Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ní, "Mú ọ̀kan nínú wọn, kí o gé e. Ta ni yóò mọ̀?"

Bàbá gbọ́. Etí rẹ̀ kò tíì lọ ní tirẹ̀. "Gé e," ó ní. "Èyí tó bá wù ọ́. N ó dìde lọ́la, n ó sì jẹ́rìí sí i."

Benjamin dìde, ewé lẹ̀ mọ́ ọn láyà. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Bàbá, ó ṣí i, ó dojú kọ igi tó sún mọ́ ọn. Ó rí gbàgede ẹbí. Ó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó sì rí Bàbá Gbádéyan tó ń fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde níwájú gbogbo ènìyàn, ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, láti pa irọ́ nítorí òun. Kò mọ ẹni tó ni igi tó wà níwájú rẹ̀ yìí pàápàá. Ó lè jẹ́ ẹni tí yóò jókòó tì í lọ́la pẹ̀lú èèpo tirẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ká ọ̀bẹ náà, ó sì fi í sápò. "Rárá, Bàbá," ó ní. "Kí wọ́n fo orúkọ mi."

Lois ní kí wọ́n máa lọ nígbà náà kí oòrùn tó wọ̀. Benjamin rìn lọ sídìí igi àkọ́kọ́, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó ní, "Okun o." Ó lọ sídìí èkejì, ó ní, "Okun o." Ìgbà tó dé ìdí ẹ̀kẹrin ni ohun tó ń ṣe yé àwọn tó ń wò ó: ọ̀kan nínú wọn ni tirẹ̀, bí ó bá sì kí gbogbo wọn, yóò ti kí i. Martha bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò sì pẹ́ tó fi fi ìborùn nu ojú. Benjamin kò wò wọ́n. Ó ń lọ láti igi dé igi, ó ń kí wọn ní Ìjùmú tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ogójì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí ó fi yí ká tó sì padà dé ìdí ìṣin, ohùn rẹ̀ ti ha.

Bàbá gbé ọ̀pá sókè, ó fi tọ́ka sí ẹ̀yìn àpáta kan.

"O fo ọ̀kan," ó ní.

Benjamin sì padà lọ kí i.